Ẹgba Kò Kọ́ Ọmọ Ajá Níbi Tí Yóò Ṣu Sí

Ní Ẹ̀rìn-Ilé, àti ní Ọ̀fà tó múlé tì í, bí bàbá bá gbé ọmọ ajá wálé, àwọn ọmọdé ló máa ń di olówó rẹ̀. Àwọn ni yóò sọ ọ́ ní Bíńgò, àwọn ni yóò bu oúnjẹ fún un, àwọn náà la sì máa ń ní kí wọ́n kọ́ ọ níbi tí yóò máa ṣu sí. Bẹ́ẹ̀, kí aago méje àárọ̀ tó lù, wọ́n ti múra ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n á so ajá mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á lọ. Kí wọ́n tó dé lọ́sàn-án, ó ti tọ̀, ó ti ṣu, ó ti tẹ ìgbẹ́ náà kiri. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á fa ẹgba yọ. Òmíràn á ki ajá lórí mọ́lẹ̀, á ti imú rẹ̀ bọ inú ìgbẹ́, pé kó lè mọ ohun tó ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. À ń fìyà jẹ ẹ̀dá tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ilé kò sì tìtorí ẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọmọ ajá ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Ohun tó bá tẹ̀ lé ìṣe rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nìkan ló lè so mọ́ ìṣe náà. Ivan Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ajá. Ó rí i pé bí ìró kan bá ń dún ní kété kí oúnjẹ tó dé, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu ajá bó bá ti gbọ́ ìró náà lásán. Nǹkan méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ẹni tó bá wá na ajá láago méjì ọ̀sán nítorí ohun tó ṣe láago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ ni pé kó máa sá bí àwọn ọmọ bá ti dé. Ajá bẹ́ẹ̀ kò ní ṣíwọ́ ṣíṣu sínú ilé. Abẹ́ àga àti ẹ̀yìn àpò gààrí ni yóò máa lọ ṣu sí, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tètè tó o.

Ìyá ọmọ ajá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níbi tí yóò máa ṣu sí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ahọ́n ni ìyá ajá fi ń lá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ti ranlẹ̀, àwọn fúnra wọn á máa rìn kúrò níbi tí wọ́n ń sùn kí wọ́n tó ṣu. Kò wù wọ́n láti ba ibùsùn jẹ́. Èyí tí wọ́n bá tì mọ́ àgò tóóró, tó ń sùn lórí ìgbẹ́ ara rẹ̀, ló máa ń pàdánù ìwà náà, kíkọ́ rẹ̀ a sì nira. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á léèrè ibi tó ti ń sùn, kí ẹ sì jẹ́ kó lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Aago ikùn rẹ̀ ló kù tí a ó mọ̀. Ọmọ ajá máa ń fẹ́ jáde bó bá jí, bó bá ṣeré tán, àti bó bá jẹun tán, láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 30. Nítorí náà, àwo èbà tó wà nílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kò dára. Ẹ fún un lóúnjẹ ní ìgbà mẹ́ta, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ọmọ oṣù méjì kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju bíi wákàtí mẹ́ta lọ, nítorí náà ẹnì kan ní láti dìde lóru. Ilé tí wọ́n ti ń jí kírun àsùbáà ti rí ìrọ̀rùn kan: bí ládàánì bá ti ń pè, kí ẹni tó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn gbé ajá dání.

Igun kan náà ní ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ máa gbé e lọ. Ẹ dúró, ẹ má bá a ṣeré. Bó bá ti ṣe tán, níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti yìn ín, kí ẹ fún un ní ẹja gbígbẹ díẹ̀. Bí ẹ bá ká a mọ́ ibi tó ti ń tọ̀ nínú ilé, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ gbé e jáde. Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ibẹ̀, nítorí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì máa ń mu ìtọ̀, òórùn rẹ̀ ló sì ń pe ajá padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará ilé yòókù náà. Nájísì, ìyẹn ohun àìmọ́, ni ìtọ̀ ajá lọ́dọ̀ Mùsùlùmí, agbo ilé wa sì kún fún ẹni tó ń tẹ́ ẹní ìrun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kan àwọn ọmọ tó ń fi yanrìn ṣeré pẹ̀lú. Aràn Toxocara máa ń wọ ara ọmọ ajá láti inú oyún àti láti inú wàrà ìyá rẹ̀. Ẹyin rẹ̀ a sì máa bá ìgbẹ́ jáde. Lọ́jọ́ tó jáde, kò tíì lè ran ẹnikẹ́ni. Bó bá lò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ti lè ràn, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún. Ìgbẹ́ tí a bá fi ṣọ́bìrì kó lọ́jọ́ náà, tí a rì mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga, ti yanjú. Kí dókítà ẹran fún un ní oògùn aràn, kó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi bó bá pé oṣù 3.

Àgbàlagbà kan tó máa ń wà nílé ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí, ìbáà ṣe ìyá àgbà tó ń tajà níwájú ilé. Bí gbogbo ilé bá ń jáde láàárọ̀ tí kò sí ẹni tí yóò kù, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gbé ọmọ ajá wálé. Ẹ dúró de ọlidé gígùn tí àwọn ọmọ yóò wà nílé tọ̀sán-tòru, kí ẹ sì fi páànù díẹ̀ bo igun ẹ̀yìnkùlé yẹn, torí òjò ṣì ń rọ̀ nígbà náà, ọmọ ajá kì í sì í fẹ́ jáde sínú òjò.