Ìnṣọ́ránsì mọ́tò yín, ṣé ojúlówó ni?

1/ Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ gbọ́ o. Láti February 2025 ni ọlọ́pàá ti ń béèrè ìnṣọ́ránsì lójú títì. Ní Ọ̀rányàn wa níbí, ìwé tí ò ní jẹ́ kí wọ́n dá wa dúró nìkan la ń wá. Ìyẹn ò tó.

2/ Third-party mọ́tò àdáni, ₦15,000 ni. Tẹ́ ẹ bá gbá mọ́tò ẹlòmíì, wọ́n á bá yín san án, títí dé mílíọ̀nù 3. Tiyín ò sí níbẹ̀ o.

3/ Tó bá jẹ́ ayédèrú ńkọ́? Owó ọjà yín ló máa lọ sí i.

4/ Tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán, ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò yín sí askniid.org. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ tí ò sanwó, ẹ fẹjọ́ sun NAICOM.

Ìwé tá a fi ń tan ọlọ́pàá ò lè tún mọ́tò ṣe.