Ìgbàgbé Àgbà àti Ọ̀rọ̀ Igbó

Àwọn kan ń sọ kiri pé igbó, àní igbó tí ọlọ́pàá ń torí rẹ̀ mú ènìyàn, ni oògùn arúgbó tí ń gbàgbé nǹkan. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ta aṣọ tilẹ̀ bi mí bóyá òun lè pò ó mọ́ ẹ̀kọ ìyá òun. Ìdí rèé tí mo fi mú kálámù.

Ọ̀rọ̀ náà ní orísun. Ní ọdún 1964, Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì ya ohun tí ń pa ènìyàn bí ọtí nínú igbó sọ́tọ̀. THC ni wọ́n ń pè é. Ní 1992, Mechoulam àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí nǹkan mìíràn nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹlẹ́dẹ̀ kò mu igbó o! Ara rẹ̀ ni ó ń pèsè rẹ̀, ara tèmi tìrẹ náà sì ń pèsè rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní anandamide, láti inú èdè Íńdíà àtijọ́ kan tí ó pe ayọ̀ ní ananda. Ó ń wọ ojú kan lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bí kọ́kọ́rọ́ ti ń wọ àgádágodo, ó sì wà lára ohun tí ń ṣètò ìrántí, ebi àti ìrora.

Nínú ọpọlọ ẹranko tí ó ti darúgbó, irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ a máa dín kù. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Bonn ní Jámánì fún àwọn eku ní THC díẹ̀ fún ọjọ́ 28. Àwọn tí ó ti pé oṣù 12 àti oṣù 18 bẹ̀rẹ̀ sí rántí nǹkan bí ọmọdé. Èyí ni àwọn tí ń ta igbó gbọ́. Wọn kì í sọ pé àwọn eku olóṣù 2 tí wọ́n fún ní oògùn kan náà gọ̀ sí i. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì, tí mo sì mọ ohun tí àwọn ọmọkùnrin ń fà lẹ́yìn ilé-ìwé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù.

Eku kì í sì í ṣe ìyá ẹni. Wọ́n wọn oògùn tiwọn. Ta ni yóò wọn ti inú ẹ̀kọ? Igbó lè fi òòyì kọ́ àgbà, kí ó ṣubú, kí ó ṣẹ́ egungun ìbàdí, kí ọkàn rẹ̀ sì tún dàrú sí i. A kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń wo ìgbàgbé ènìyàn sàn.

Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru a máa ba ọpọlọ jẹ́, àìtó fítámì B12 sì lè fa ìgbàgbé tí dókítà lè tọ́jú. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ó ń lò dání, títí kan àgbo, nítorí àwọn oògùn oorun mìíràn wà tí ń mú arúgbó gbàgbé.