Ẹ Ya Ajá Àgbà Yín Kí Ó Tó Lọ

A kí àwọn tí wọ́n bímọ, a sì bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Orúkọ wọn wà ní ojú ewé tí ó tẹ̀ lé èyí.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Ìyá wa kan tí ó ń ta aṣọ ní New Market níhìn-ín ní Enugu ni ó kọ̀wé sí wa. Ajá wọn, Tanímọ̀la, ti pé ọdún 13. Ọdún tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn wọn ni wọ́n mú un wálé, òun àti ọmọ náà sì jọ dàgbà ni. Nísinsìnyí ojú ajá náà ti ń di funfun, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Dókítà ẹran ti wò ó, ó ní kíndìnrín rẹ̀ ni, pé kò sí ohun tí ó kù ju kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ kí ara lè tù ú. Bí ọdún bá parí, ìdílé náà ń padà sí Ọ̀ffà pátápátá. Ìyá wa béèrè pé ṣé ìwà òmùgọ̀ ni bí àwọn bá ya ajá yìí ní fọ́tò. Bàbá ilé ní ìnákúnàá ni, pé a kì í gbé ajá kọ́ ara ògiri. Ọmọ náà sì ń sunkún.

Èrò tiwa ni pé kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì yà á lọ́sẹ̀ yìí.

A kò sọ pé ajá di ènìyàn. Ajá ọdẹ ń bẹ, ajá tí ń ṣọ́ ilé ń bẹ. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í fi orúkọ ajá ṣeré. A máa ń fi orúkọ rẹ̀ dá aládùúgbò lóhùn, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́ nígbà tí a bá ń pe ajá. (Àwọn ará ilé wa tí wọ́n jẹ́ Ígbò kò kúkú gbọ́, nítorí náà àwọn ajá wa ní Enugu ń jẹ́ orúkọ wọn ní àlàáfíà.) Ohun tí a bá sọ lórúkọ tí ó sì bá wa gbé ọdún 13, ó ti di ara ilé.

Ní ti fọ́tò, àwọn ènìyàn wa ti mọ ohun tí ó wà fún tipẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé ní 1978 lórí àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tí ó kù, á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí wọ́n lè dà bí ẹni jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, á wọ aṣọ ọkùnrin fún alààyè náà, á yà á, á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, á yà á. Tanímọ̀la kò ní ìkejì tí a lè yà dípò rẹ̀.

Kí bàbá ilé sì gbọ́ ìtàn kan tí àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè fẹ́ràn. Ní Tokyo, ní ilẹ̀ Jàpáánì, ajá kan wà tí ń jẹ́ Hachikō, tí ó máa ń lọ pàdé olówó rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ueno, ní sítéṣọ̀n Shibuya. Ní oṣù Karùn-ún 1925, Ueno kú lẹ́nu iṣẹ́. Ajá kò mọ̀. Ó ń lọ sí sítéṣọ̀n náà títí di oṣù Kẹta 1935 tí òun náà kú. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró dìgbà náà. Ní 1934, nígbà tí ajá ṣì wà láàyè, ni wọ́n gbé ère idẹ rẹ̀ kalẹ̀ ní iwájú sítéṣọ̀n, ajá fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Nígbà ogun wọ́n yọ́ ère náà, wọ́n ṣe òmíràn ní 1948. Bí ìlú odindi bá lè fi idẹ ṣe ti ajá, fọ́tò kékeré kò pọ̀ jù.

Ó ku bí a ó ṣe yà á. Ẹ má gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò. Ajá tí ara rẹ̀ kò yá yóò kàn máa gbọ̀n níwájú iná ni. Ibi tí ó máa ń sùn ni kí ẹ ti yà á, ní àárọ̀ kùtù tàbí nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀. Bí ajá bá dúdú, ẹ jẹ́ kí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ìmọ́lẹ̀ bà á láti ẹ̀gbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irun rẹ̀ á di òkùnkùn kan, ojú kò ní hàn. Ẹ pa iná fóònù tí ń kọ mànà, nítorí ó ń sọ ẹyinjú ajá di ti iwin. Kí ẹni tí ń yà á kúnlẹ̀, tàbí kí ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀, kí ojú fóònù lè bá ojú ajá dọ́gba. (A mọ̀ pé dídọ̀bálẹ̀ fún ajá kò sí nínú ẹ̀kọ́ ilé; nítorí fọ́tò ni.) Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó tì í. Ẹ ya ọwọ́ ìyá lórí rẹ̀. Ẹ má fi tipá gbé e dìde. Bí ó bá ń sùn, ẹ yà á bí ó ti ń sùn. Kí bàbá náà wọ inú ọ̀kan, ó kéré tán, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ béèrè fún un ní Ọ̀ffà.

Àìsàn ogbó ni a ń sọ o. Bí ajá bá ṣàdédé yí ìwà padà, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń bu ohun gbogbo jẹ, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹni tí ó bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Bí àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń bọ́ níbẹ̀.

Bí ẹ bá yà á tán, ẹ má fi í sílẹ̀ sínú fóònù. Olè ń gbé fóònù, fóònù ń bọ́ sómi. Ní oṣù Kẹwàá 1966, nígbà tí Ojukwu ní kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìlà-Oòrùn kúrò ní ẹkùn yìí, ìwọ̀nba ẹrù tí ọwọ́ ká ni ènìyàn lè dì. Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kò gba ajá, ṣùgbọ́n fọ́tò a máa wọ inú Bíbélì tàbí Kùránì. Nítorí náà ẹ tẹ méjì jáde, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ fi ìkejì ránṣẹ́ sílé ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ ajá sẹ́yìn rẹ̀, àti ti gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀, àti ọjọ́ àti ọdún, kí ẹ sì kọ "New Market, Enugu" sí i. Ẹ má fi bírò tẹ̀ ẹ́ jù, kí ó má là dé ojú.

Ẹni tí ó bá ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kí ó mú un fún akọ̀wé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbà pé yóò wọ ojú ewé ìròyìn ìdílé, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àwọn ọmọ tuntun ni yóò wà.