A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Oògùn Tí Kò Gbọ́ Yorùbá Kò Tíì Tó Dán Wò

Bí àwọn onímọ̀ ìṣègùn bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tuntun ti tó gbé kúrò ní yàrá ìwádìí lọ sáàárín ìlú, wọ́n á bèèrè pé: ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣé kò ní pa ènìyàn lára? Ṣé apá á ká owó rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí wọ́n sábà máa ń fò dá: ṣé ìyá ọmọ ní Odò-Orò lè gbọ́ àlàyé rẹ̀ yékéyéké, kó sì lè sọ pé òun ò ṣe? Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwa ní oògùn náà kò tíì tó dán wò níbẹ̀.

Àwọn kan á ní bí àrùn bá ti gbòde, ta ló ráyè gírámà? Ẹ jẹ́ ká rán wọn létí Kano ní 1996. Àrùn meningitis, tí í mú ọrùn ọmọ gan, ń pa àwọn ọmọdé. Pfizer gbé Trovan, oògùn tuntun, débẹ̀. Nǹkan bí 100 ọmọ gba Trovan, 100 mìíràn gba ceftriaxone. Ọmọ 11 kú: 5 nínú ti àkọ́kọ́, 6 nínú ti ìkejì. Nítorí náà, iye ikú nìkan kọ́ ló di ẹjọ́. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, bẹ́ẹ̀ Médecins Sans Frontières ń fi oògùn tí a ti mọ̀ tọ́jú aláìsàn nínú ọgbà kan náà. Pfizer ní àwọn òbí gbà lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ẹnu wá ń bá ọ̀rọ̀ ẹnu jà. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kano, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Nígbà tí Kano kọ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní 2003, Trovan wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí. Àkókò tí wọ́n ní àwọn ò ní, ẹ ò rí i bó ṣe gbówó lórí tó?

Sùúrù kì í pa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dán àjẹsára ibà RTS,S wò lára ọmọ tó lé ní 15,000, wọ́n ṣì kọ́kọ́ gbé e lọ sí apá kan Ghana, Kenya àti Malawi ní 2019 láti wò ó bóyá àwọn ìyá lè gbé ọmọ wá lẹ́ẹ̀mẹrin.

Òfin ìlera wa ti 2014 sọ pé ẹni tí a ó fi ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn àlàyé. Àmọ́ ìka títẹ̀ kọ́ ni òye. Bí wọ́n bá pe placebo ní "ayédèrú oògùn", ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ mọ́ àwọn tí NAFDAC ń lé kiri nìyẹn. Gbogbo ìyá á gbé ọmọ wọn sálọ. "Oògùn àfiwé tí kò ní èròjà nínú" gùn, ṣùgbọ́n kò purọ́. Ní ti pínpín aláìsàn sọ́nà méjì, kèké ti wà nílẹ̀: "Màmá, a ó ṣẹ́ kèké ni. Kèké ló máa sọ bóyá oògùn tuntun ni ọmọ yín á gbà tàbí ti tẹ́lẹ̀. Dókítà kọ́ ló máa yàn." Ẹni tó gbọ́ ìyẹn mọ ohun tó ń fọwọ́ sí.

Ẹ má sọ fún wa pé nọ́ọ̀sì á túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì márùn-ún, ìtumọ̀ márùn-ún. Yorùbá inú ìwé nìkan ò sì tó fún ìyá àgbà tó ń pe ilé ní ulé.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Kí ìgbìmọ̀ kankan, ní Ìdó-Èkìtì tàbí Adó, má ṣe lu òǹtẹ̀ mọ́ ìdánwò kan títí wọn ó fi ka ẹ̀yà Yorùbá rẹ̀ sókè fún àwọn ará ìlú tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ, tí àwọn yẹn á sì fi ẹnu ara wọn tún un sọ. Bí wọ́n bá tún un sọ tí kò jọra, ẹ padà lọ kọ ọ́ dáadáa.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, wọ́n máa ń bi wá pé kí ni a fẹ́ fi dìgírì Yorùbá ṣe. Iṣẹ́ kan rèé. Ẹ jẹ́ ká lọ bèèrè fún un.