Mẹkáníìkì Àfojúdá Àti Ọkọ̀ Onígáàsì

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná ni àwọn onímọ́tò ti ń ráhùn nípa àwọn mẹkáníìkì. Ẹni tí ó gbé ọkọ̀ lọ nítorí ìjánu yóò gbà á padà tòun ti iná iwájú tí kò tàn mọ́. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni wọ́n tú, mẹ́ta ni wọ́n dè padà. “Kò sí wàhálà mọ́, ọ̀gá, ẹ máa gbé e lọ.”

Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ nìkan ni ó fà á. Wíwo ọwọ́ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ṣẹ́. Bí ó bá ti gba òmìnira, òun náà di ọ̀gá, bí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ fojú kan ìdánwò ìjọba. Bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ni ó ń darí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òde òní. Ọ̀gá tí kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò yóò máa pààrọ̀ èyí, yóò máa pààrọ̀ tọ̀hún, àpò onímọ́tò ni yóò sì máa gbẹ.

Owó nìyẹn, ti gáàsì kọjá owó. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yí ọkọ̀ wọn padà sí ti gáàsì CNG. Agbára tí gáàsì yìí fi ń ti ara àgbá rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 100 ti afẹ́fẹ́ inú táyà. Ní oṣù kẹwàá 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù níbi tí ó ti ń ra gáàsì ní ìlú Benin, àwọn ènìyàn sì fara gbọgbẹ́. Àwọn aláṣẹ ètò náà ṣàlàyé pé àgbá inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a fọwọ́ sí; ńṣe ni wọ́n jó o pọ̀ bí irin géètì.

Ìjọba ti fọwọ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ kan fún àyípadà yìí, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì abẹ́ igi ni ó súnmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú owó tí a ń ná lórí ètò gáàsì, ó yẹ kí díẹ̀ lọ sórí kíkọ́ àwọn ọ̀gá wọ̀nyí àti dídán wọn wò.