Kò Yẹ Kí Ojú Irin Máa Bá Ìjọba Kú

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, Rishi Sunak, tó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Bìrìtéènì nígbà náà, dúró níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní Manchester, ó sì kéde pé ìjọba òun ti fagi lé apá ojú irin HS2 tó yẹ kó ti Birmingham wọ ìlú náà. Ibùdókọ̀ rélùwéè ni gbọ̀ngàn tó ti sọ̀rọ̀ ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Manchester Central lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1880 ni wọ́n ṣí i, ọdún 1969 ni wọ́n sì tì í pa. Òrùlé irin rẹ̀, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 210 láìsí òpó kankan láàárín, ṣì wà lórí àwọn tó bá péjọ síbẹ̀ títí dòní. Iléeṣẹ́ mẹ́ta ló jùmọ̀ ni ibùdókọ̀ náà nígbà tí wọ́n ṣí i. Ọ̀kan nínú wọn ni Manchester, Sheffield and Lincolnshire Railway, ẹni tó sì jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà ni Edward Watkin. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń pa iṣẹ́ ojú irin, ì báà jẹ́ ní Manchester, ì báà jẹ́ ní Èkó, kó yẹ ìgbésí ayé ọkùnrin yìí wò.

Salford, tó fẹ̀gbẹ́ kan Manchester, ni wọ́n bí Watkin sí ní ọdún 1819. Òwò òwú ni Absalom, bàbá rẹ̀, ń ṣe, ìdí òwò náà sì ni ọmọ ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Kí rélùwéè tó gbà á lọ́kàn, ó wà lára àwọn tó jà fitafita kí àwọn òṣìṣẹ́ Manchester lè máa sinmi ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ó tún wà lára àwọn tó sapá kí Manchester àti Salford lè ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí fún tolówó-tálákà lọ́dún 1846. Ní 1845, ó di akọ̀wé iléeṣẹ́ Trent Valley Railway. Ní 1854, ó di ọ̀gá àgbà ní iléeṣẹ́ Manchester, Sheffield and Lincolnshire, nígbà tó sì fi máa di 1864, òun ni alága. Ó gba ipò alága South Eastern ní 1866, ó sì gba ti Metropolitan, tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ní 1872. Ó ṣe olórí Grand Trunk ní Kánádà, ó ṣe aṣòfin, ọbabìnrin sì fi í joyè.

Àwọn kan lè rò pé ìwọra ló mú un kó ipò jọ báyẹn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà síwájú, yóò rí ohun tí Watkin ń wò. Iléeṣẹ́ Manchester, Sheffield and Lincolnshire fìdí múlẹ̀ sí Manchester, Metropolitan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, South Eastern sì dé etí òkun ní Dover. Ohun tó kù ni kí wọ́n so wọ́n pọ̀, kí wọ́n sì gba abẹ́ òkun dé Faransé. Ó fẹ́ kí èrò wọ ọkọ̀ ní Manchester kó má sì sọ̀ títí dé Paris.

Kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ẹnu. Ní 1881, ó dá iléeṣẹ́ Submarine Continental Railway sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè Shakespeare Cliff, lẹ́bàá Dover. Ẹ̀rọ Beaumont ni wọ́n fi ṣe é. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ló ń yí i, ihò tó sì ń gbẹ́ nínú àpáta ẹfun náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méje. Watkin tan iná mànàmáná sínú ihò ọ̀hún, ó pe àwọn aṣòfin àti àwọn ènìyàn ńlá wá, ó sì ṣe wọ́n lálejò lábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ihò náà ti gùn ju máìlì kan lọ kí ìjọba tó dá iṣẹ́ dúró ní 1882. Kì í ṣe pé ilẹ̀ wó, kì í sì í ṣe pé owó tán. Àwọn ọ̀gágun, tí Wolseley ṣíwájú wọn, ló pariwo pé ọ̀tá lè gba ibẹ̀ wọ̀lú. Ọdún 1994 ni ọkọ̀ ojú irin tó gba abẹ́ òkun náà kọjá. Ọdún 112 ti kọjá kí ohun tí wọ́n dá dúró tó ṣẹ.

Ẹ̀bi Watkin wà níbẹ̀ o, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bò ó. Ní ìpínlẹ̀ Kent, òun tó ń darí South Eastern àti James Staats Forbes, alága iléeṣẹ́ rélùwéè mìíràn níbẹ̀, bá ara wọn díje débi pé iléeṣẹ́ méjèèjì ń tẹ́ irin lọ sí ìlú kan náà. Ọdún 1899, nígbà tí Watkin ti fipò sílẹ̀, ni wọ́n tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní Wembley, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ kan tó fẹ́ kó ga ju ti Eiffel lọ. Ìpele àkọ́kọ́ nìkan ló parí, wọ́n sì wó o kí 1907 tó parí. Àwọn tó fi owó wọn ra ṣíà nínú iléeṣẹ́ Manchester kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jèrè kan tó ṣe gúnmọ́. Àwọn èèyàn tilẹ̀ fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ iléeṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé owó tó rì, tó sì sọnù ni. Ẹni tó fowó ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè èrè.

Síbẹ̀, ẹ̀bi tó tóbi jù ni pé Watkin fi gbogbo iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Òun nìkan ni ìdè tó so iléeṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Kò sí òfin kan, kò sí àdéhùn kan tó lè gbé èròǹgbà náà ró bí òun kò bá sí níbẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nígbà tí àìlera mú kó fi ipò alága sílẹ̀ ní 1894, ìdè já. Iṣẹ́ abẹ́ òkun kò jí mọ́ láyé rẹ̀. Ojú irin tuntun tó fẹ́ gbà wọ Lọ́ńdọ̀nù dé Marylebone ní 1899 lóòótọ́, lábẹ́ orúkọ Great Central, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà Paris tí wọ́n torí rẹ̀ là á. Láàárín 1966 sí 1969, wọ́n ti èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ pa. Lónìí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá ojú irin mìíràn tí yóò so àríwá pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, owó gọbọi ni wọ́n sì ń ná lé e lórí.

Kí èyí má jọ ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan lójú ọmọ Yorùbá. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, oṣù tó tẹ̀ lé e ni Watkin kú. Àwọn oníṣòwò òwú Manchester wà lára àwọn tó fẹ́ kí irin náà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1983, Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Èkó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò ojú irin Metroline fún Èkó. Sójà gba ìjọba ní ìparí ọdún náà, nígbà tó sì di 1985, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé e. Owó tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé Èkó pàdánù lórí rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló ṣí ojú irin Blue Line láti Marina sí Mile 2, ìrìn kìlómítà 13. Jakande ti kú ní 2021. Fún bí ogójì ọdún, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni àwọn ará Èkó fi rọ́pò irin tí wọ́n ti ń sanwó rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ìjọba tuntun gbọ́dọ̀ láǹfààní láti pa iṣẹ́ tí kò bá mọ́gbọ́n dání tì, nítorí owó ìlú kì í ṣe ọ̀gbun àìnísàlẹ̀. Sunak náà sọ pé owó HS2 ti ga jù. Àwíjàre yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ pa iṣẹ́ tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n ti ná, iye tí alágbàṣe yóò gbà lórí àdéhùn tó bàjẹ́, àti ohun tí àwọn èrò yóò máa wọ̀ dípò rẹ̀. Èyí ni wọn kò ṣe ní 1985. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá lòótọ́, ṣùgbọ́n ojú irin tó gbọ́dọ̀ sin ọmọ àti ọmọ-ọmọ kò lè máa yí padà bí ìgbà ṣe ń yí.

Àyè àtúnṣe sì ti ṣí sílẹ̀. Àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà lágbára láti ṣòfin lórí rélùwéè. Kí àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì lò ó. Kí wọ́n ṣòfin pé gómìnà kan kò gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ ojú irin tó ti bẹ̀rẹ̀ dúró láìjẹ́ pé ó gbé ìṣirò owó rẹ̀ wá síwájú aṣòfin àti aráàlú, kí wọ́n sì dìbò lé e lójú gbogbo ayé. Kí wọ́n dá ilẹ̀ tí irin yóò gbà sí, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé lé e. Àwọn tó ń bọ̀ wá tọrọ ìbò ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò ṣèlérí rélùwéè. Kí olùdìbò bi wọ́n léèrè òfin tí yóò dáàbò bo iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ, kó má sì fún ẹni tí kò bá rí èsì fún un níbò.