Ìtọ́jú Ọmọ-ọwọ́ Tí Ó Ní Kòkòrò HIV Kò Gba Ìdádúró

Àgbàlagbà tí kòkòrò HIV wọ ara rẹ̀ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kí àìsàn tó hàn. Èyí ni ó ń mú kí àwọn kan máa sọ nípa ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kòkòrò náà pé, "Ẹ jẹ́ kí ó dàgbà díẹ̀ ná." Àṣìṣe ńlá ni. Bí kò bá sí ìtọ́jú, nǹkan bí ìdajì nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kó o láti ara ìyá wọn ni ikú ń pa kí wọ́n tó pé ọdún 2.

Ìdí rẹ̀ hàn gbangba. Kì í ṣe lásán ni àwọn ènìyàn ń pe kòkòrò yìí ní apa-sójà-ara. Àwọn sójà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní CD4, tí ń pàṣẹ fún àwọn yòókù nínú ẹ̀jẹ̀, ni ó ń dojú kọ. Sójà ara àgbàlagbà ti jagun rí, ó sì ti mọ ọ̀pọ̀ àrùn. Ti ọmọ-ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ogun ni. Kòkòrò náà a sì máa pọ̀ sí i láìsí ìjánu, òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru àti ikọ́ ẹ̀gbẹ a sì rí àyè wọlé. Àní abẹ́rẹ́ àjẹsára pàápàá kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí kò bá gba ìtọ́jú.

Ẹ̀rí wà fún ọ̀rọ̀ yìí. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí kan ní Soweto àti Cape Town, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2008. Wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní oògùn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó pé oṣù 3. Wọ́n ní kí àwọn yòókù dúró títí àmì àìsàn yóò fi hàn tàbí tí sójà ara wọn yóò fi dínkù. Nínú 100 àwọn tí ó dúró, 16 kú. Nínú 100 àwọn tí kò dúró, 4 péré. Ní ọdún náà gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, tí ó ní kòkòrò náà, bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró.

Ṣùgbọ́n kí ìtọ́jú tó yá, àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ yá. Àyẹ̀wò tí a ń ṣe fún àgbàlagbà kò lè fi ìdí òtítọ́ múlẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18, nítorí pé ohun ìjà tí ara ìyá ṣe ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Àyẹ̀wò tí ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ṣe fún un, nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Orúkọ náà, "àrùn kògbóògùn", ti sọ ọ̀pọ̀ òbí di aláìnírètí. Lóòótọ́, oògùn kì í lé kòkòrò náà lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń dè é mọ́lẹ̀. Bí aboyún bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ewu pé ọmọ yóò kó o kì í tó 5 nínú 100. Láìsí oògùn, ó lè tó 15 sí 45.

Nítorí náà, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń múra ìgbéyàwó má bẹ̀rù àyẹ̀wò. Kí ọkọ má ṣe fi ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀sín, kí ìyá má sì tìtorí ìtìjú gbé ọmọ pamọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.